Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ni Ẹ̀mí Eré Kúkúrú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ìbáwí nìkan ni òwe yìí wà fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ eré oníṣe kúkúrú, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe níbi àríyá ọdún, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ayẹyẹ ilé-kéú tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, yóò rí i pé inú òwe yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ tí ó ń wá wà.

Ẹ wo Kpakungu ní ìlú Mínnà, níbi tí ọ̀nà Bídà gbà kọjá. Gbàgyí, Tápà, Haúsá, Yorùbá àti Ígbò ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Ìlọrin àti Jẹ́bà kọjá, wà lára ohun tí ó gbé Yorùbá dé Mínnà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Nígbà tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, tí Mínnà sì di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò tún ya wọ ìlú náà sí i. Ọmọ tí a bí sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ń fi Haúsá ra kúlíkúlí lọ́wọ́ aládùúgbò, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ní ilé-ìwé, ó sì ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ jáde lójú àwùjọ, ọ̀rọ̀ di méjì.

Eré kúkúrú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àǹfààní díẹ̀ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní láti dìde níwájú àwọn àgbà, kí ó fi Yorùbá jà, kí ó fi í bẹ̀bẹ̀, kí ó fi í parọ́, kí ó sì fi í tọrọ ìdáríjì. Bí ọ̀rọ̀ tí a kọ fún un bá gan bí igi gbígbẹ, yóò há a sórí, yóò kà á jáde, yóò sì ti gbàgbé rẹ̀ kí ó tó bọ́ aṣọ eré. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn lẹ́nu, yóò gbé e relé. Nítorí náà, ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹ̀dá inú eré ń bá ara wọn sọ, kì í ṣe ohun tí a ń kọ wúruwùru ní alẹ́ tí eré ku ọ̀la.

Ìrìn Àjò Ọ̀rọ̀ Nínú Eré Yorùbá

Eré Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó rí àwọn eléégún alárìnjó tí wọ́n ṣeré níwájú Aláàfin. Wọ́n sín òyìnbó jẹ, ìrìn àti ìṣesí ni wọ́n sì fi sín in jẹ. Àwọn èrò ìwòran rẹ́rìn-ín bí ẹni tí yóò kú. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: ohun tí ara bá ti sọ, kí ẹnu má tún un sọ.

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944, fún ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, orin ni ó gba ipò iwájú nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni òun àti àwọn tí ó tẹ̀lé e fi ọ̀rọ̀ ẹnu rọ́pò púpọ̀ nínú orin. Ọ̀rọ̀ náà sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí ó gbé eré Strike and Hunger, tí ó jẹ mọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945, lọ sí òkè Ọya, àwọn aláṣẹ òyìnbó dí i lọ́wọ́ ní Jọ́ọ̀sì ní 1946. Nígbà tí ó ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, àfi ìgbà tí ológun gba ìjọba ní 1966 ni a tó tú u sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnkiri wọ̀nyí kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Karin Barber, obìnrin onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo ṣeré ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2000. Ọ̀gá eré yóò sọ ìtàn, yóò sọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan wà fún, òṣèré yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ tí èrò ìwòran bá gbà yóò dúró, yóò sì máa gbilẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Èyí tí kò bá ta létí wọn yóò rọ dànù.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni fíìmù àti fídíò ti ń gba ipò àwọn ẹgbẹ́ alárìnkiri. Ọkọ̀ eré tí ó máa ń gba ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìlù àti gbohùngbohùn kò sí mọ́. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Kpakungu, ní Kàdúná tàbí ní Jọ́ọ̀sì bá fẹ́ rí eré ojú agbo lónìí, àfi kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn. Wọn kò sì ní ogún ìlú tí wọn yóò ti gbé e yẹ̀ wò. Lójú ewé ìwé ni wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ tí ìrìn àjò ń bá àwọn aṣáájú wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ Gbọ́dọ̀ Ṣiṣẹ́

Ìbéèrè kan ni kí òǹkọ̀wé máa bi gbogbo ẹni tí ó bá la ẹnu nínú eré rẹ̀: kí ni o ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Bí kò bá fẹ́ nǹkan kan, kí ó panu mọ́. Ẹni tí ó kàn ń ṣe àlàyé fún èrò ìwòran kì í ṣe ẹ̀dá inú eré, oníròyìn ni.

Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1970. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyálóde Ìbàdàn bí ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹrú rẹ̀ kankan bímọ lójú òun. Adétutù tí ó jẹ́ ẹrú rẹ̀ lóyún, ó sì fẹ́ là. Ìfẹ́ ọkàn méjì ti kọlura nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sọ ní agbo ilé náà di ọ̀ràn ikú àti ìyè. Nínú Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964, ọfọ̀ ni Gbọ̀ọ́kàá àti Tìmì fi kojú ara wọn. Ọfọ̀ ni àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ eré tí ó pé jù lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ń pọfọ̀ láti fi ṣe àlàyé. Ẹni tí ó ń pọfọ̀ ń retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bákan náà ni ó rí lókè òkun. Anton Chekhov, ará Rọ́ṣíà, kọ eré kúkúrú kan ní 1888 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní The Bear. Ọkùnrin kan wá sin gbèsè tí ọkọ opó kan jẹ kí ó tó kú. Opó kò ní owó nílẹ̀, ọkùnrin kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n bú ara wọn títí wọ́n fi pe ara wọn ní ìjà ìbọn, kí eré sì tó parí, ọkùnrin náà ti ń bẹ opó náà pé kí ó fẹ́ òun. Yàrá kan, ènìyàn mẹ́ta, gbèsè kan. Ohun tí ó mú un dùn ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹni kan sọ tí kò yí ọkàn ẹnì kejì padà díẹ̀.

Odidi Ọ̀rọ̀ àti Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a fi eré kan dá àpẹẹrẹ. Làsísì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Táyé, ti ń gbé Kpakungu láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń kọ́ ilé sí Ìkìrun. Ìyàwó lọ sílé lọ sìnkú, ó sì rí i pé igbó ni ó wà níbẹ̀. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́kọ́ mú kálàmù yóò kọ ọ́ báyìí:

ÌYÁ TÁYÉ: Bàbá Táyé, ọkọ mi, ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti ń sọ fún mi pé ẹ ń kọ́lé sí Ìkìrun. Ṣùgbọ́n mo lọ sílé lọ sìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i pé kò sí ilé kankan níbẹ̀. Ẹ ti parọ́ fún mi, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi.
BÀBÁ TÁYÉ: Ìyàwó mi, jọ̀ọ́ dárí jì mí. Ojú ni ó tì mí láti sọ fún ọ pé owó kò sí.

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí àṣìkọ. Ṣùgbọ́n eré ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èrò ìwòran kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, nítorí pé odidi ni a gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ kọ ọ́:

BÀBÁ TÁYÉ: Káàbọ̀, Ìyá Táyé. Àwọn ará ilé ńkọ́?
ÌYÁ TÁYÉ: Wọ́n ní ká máa kí yín. Wọ́n fi àgbàdo ránṣẹ́ sí yín. (Ó gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀.)
BÀBÁ TÁYÉ: Àgbàdo oko ta ni?
ÌYÁ TÁYÉ: Wọ́n ní orí ilẹ̀ yín ló ti hù.
BÀBÁ TÁYÉ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń gbin ín sí.
ÌYÁ TÁYÉ: Mo mọ̀. Pálọ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi jẹ tèmi. Òjò pa mí.
(Bàbá Táyé kò fọwọ́ kan àgbàdo.)
BÀBÁ TÁYÉ: Ìyá Táyé...
ÌYÁ TÁYÉ: Jẹ àgbàdo rẹ, Làsísì.

Kò sí ẹni tí ó dárúkọ irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé inú bí òun. Obìnrin náà jókòó nínú pálọ̀, òjò sì pa á: gbólóhùn kúkúrú méjì yìí ni ó wó ilé tí ọkùnrin náà fi ẹnu kọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Èrò ìwòran ni yóò fi ọwọ́ ara wọn so ó pọ̀, wọn yóò sì pariwo nígbà tí ó bá yé wọn, nítorí pé ohun tí ènìyàn fi ọgbọ́n ara rẹ̀ wá rí ni ó ń dùn mọ́ ọn jù. Àgbàdo náà sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní nǹkan tí a lè gbé dání lórí ìtàgé kò ní wá ọ̀rọ̀ tì.

“Ẹ” àti “Ìwọ”

Ẹ padà wo gbólóhùn tí ìyá náà fi parí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń fi “yín” bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó wá di “rẹ”, tí ó sì pe orúkọ tí àwọn òbí ọkùnrin náà sọ ọ́ láìfi Bàbá kankan ṣíwájú, gbogbo Yorùbá tí ó wà níjòókòó yóò mọ̀ pé ohun kan ti fọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú irinṣẹ́ yìí. Ohun èlò tí Yorùbá fi lé àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé tó kọ ìlà kan, kí ó kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá inú eré sí ojú ewé kan, kí ó sì kọ ohun tí olúkúlùkù ń pe ẹnì kejì: ta ni ń pe ta ní Bọ̀dá, ta ni ń pe ta ní Àlàájì, ta ni ń ki ta ní oríkì bíi Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́ bí ó bá ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìpè náà bá ti yí padà ni ọkàn eré.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra. Ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, bíi ti Oǹdó, ọmọdé lè fi “ìwọ” bá àgbà sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó rí i fín. Bí ẹ̀dá inú eré bá ti irú ìlú bẹ́ẹ̀ wá, kí a jẹ́ kí èrò ìwòran tètè mọ ìlú rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Mínnà náà lè sọ “o” fún bàbá rẹ̀ nítorí pé kò mọ èyí tí ó yẹ. Èyí pàápàá lè di eré: bàbá gbọ́ ìwọ̀sí, ọmọ kò sì mọ̀ pé òun wọ́ni nílẹ̀.

Àdúgbò Tí Ó Gbọ́ Èdè Púpọ̀

Eré tí a gbé sí Kpakungu tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ Yorùbá ìwé yóò dún bí irọ́. Síbẹ̀, ìwọ̀n ni ohun gbogbo. “Hàbà” kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó láti fi hàn pé ibẹ̀ ni Táyé dàgbà sí. Kò yẹ kí ó sọ Haúsá títí tí ìyá àgbà tí ó jókòó lẹ́yìn kò fi ní mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí ẹ̀dá inú eré yí èdè padà. Nínú The Trials of Brother Jero tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní 1960, nígbà tí àdúrà bá gbóná lẹ́nu Chume ni ó ń bọ́ sínú pijin. Èdè tí ènìyàn fi ń ké nígbà tí nǹkan bá gún un ni èdè ọkàn rẹ̀. Bí Táyé bá ń bá bàbá rẹ̀ fi Yorùbá jà, tí ó wá fi Haúsá sunkún, a ti sọ ohun tí ìwàásù wákàtí kan kò lè sọ nípa ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀.

Aládùúgbò tí ó jẹ́ Tápà tàbí Gbàgyí náà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ó ní làákàyè. Ọ̀pọ̀ eré ni ó ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ di aláwàdà tí kò lè pe Yorùbá dáadáa. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ lè dùn, ṣùgbọ́n aládùúgbò náà lè wà lórí ìjókòó níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bá ọmọ ilé ṣeré. Kí a fún òun náà ní ohun tí ó ń fẹ́. Bóyá òun ni ó ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ilé ní Ìkìrun, tí ó sì ń bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí.

Òwe àti Ìkíni

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin mẹ́wàá kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan. Nínú eré ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òwe méjì tàbí mẹ́ta tó, kí ẹni tí ó ń pa á sì ní ìdí tí ó fi ń pa á. Ọmọdé tí yóò pa òwe níwájú àgbà gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, kí ó ní “tótó, ó ṣe bí òwe o”. Àgbà yóò sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ kí ọmọ tọrọ àyè, tí àgbà sì dákẹ́, tí kò fún un ní ìdáhùn tí àṣà ní kí ó fún un, ìdákẹ́jẹ́ náà ti ju ìbínú lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkíni. Nínú ayé, a lè kí ara wa fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lórí ìtàgé, ìdá mẹ́ta eré ti lọ nìyẹn. Kí a gé e kù díẹ̀, àfi bí ìkíni náà bá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìyàwó tí ó kí gbogbo ará ilé, tí ó sì fo ìyakọ rẹ̀ dá, kò tún nílò láti ṣàlàyé pé wọ́n ń jà.

Etí Ni Adájọ́

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì kì í ṣe fún ojú, etí ni a kọ ọ́ fún. Kí òǹkọ̀wé ka eré rẹ̀ sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ibi tí èémí bá ti tán kí gbólóhùn tó parí, kí ó gé e. Kí ó fi ọwọ́ bo orúkọ àwọn tí ń sọ̀rọ̀, kí ó sì wò ó bóyá a ṣì lè mọ ẹni tí ó ń sọ èwo; bí a kò bá lè mọ̀ ọ́n, ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, ohùn òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀.

Kí ó rántí ibi tí a ó ti ṣe é pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ eré ẹgbẹ́ ń wáyé nínú ọgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lójú títì, tí ọmọ ọwọ́ sì ń ké. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo eré rọ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, kí ẹlòmíràn ti mẹ́nu kan ilé Ìkìrun lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí àgbàdo tó dé. Kí a sì fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé eré. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá délẹ̀ lè ka “ọkọ” sí “ọkọ̀” tàbí “ọkọ́”, kí ìyá tí ó ń sunkún ọkọ rẹ̀ sì di ẹni tí ń sunkún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kí ẹ̀rín sì ba omijé jẹ́.

Nígbà ìdánrawò, kí a ṣe bí Oyin Adéjọbí ti ń ṣe: kí a bi ọmọ tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà léèrè bí òun ìbá ti sọ ọ́ nílé. Bí tirẹ̀ bá dára ju ti ìwé lọ, kí a fa ti ìwé nù. Lọ́jọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹnu ara rẹ̀ tún ìlà eré kan ṣe ní Yorùbá, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ eré náà ti ṣe, bí aṣọ ìtàgé tilẹ̀ já lulẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.